Ojú Tó Ń Ṣọ́ Aboyún

Oore Yèyé o!

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ aboyún ni, kí ọkùnrin kankan má sì sọ pé kò kan òun. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, aboyún márùn-ún ló ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan ní, "Yèyé, ẹsẹ̀ mi wú, irú ìwẹ̀ wo ni kí n wẹ̀?" Òmíràn ní, "Yèyé, omi lásán ò dúró nínú mi mọ́, àbí ayé ti gbọ́ ni?" Ẹ̀kẹta ní àtẹ́lẹwọ́ ń yún òun lóru débi pé òun ò rí oorun sùn, ó fẹ́ kí n bá òun bi Ọ̀ṣun léèrè. Ìbéèrè kan náà ni mo bi àwọn márààrún: ta lo ti sọ fún? Ẹyọ ẹnìkan péré ló ti sọ fún agbẹ̀bí rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Inú mi dùn pé wọ́n fọkàn tán mi. Ẹ̀rù sì bà mí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé nílé wa, a kì í pariwo oyún. Ìyá mi fi abẹ́rẹ́ há aṣọ mi nígbà tí oyún mi ò tíì hàn rárá. Ó ní kí n má rìn lọ́sàn-án gangan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní oṣù tí mo máa bí, kí n rẹ́rìn-ín, kí n sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò láṣọ, torí èmi náà ò yọ tèmi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí fún yín.

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì mi nínú ẹ̀kọ́ anthropology, mo gbé inú agboolé kan ní Òṣogbo fún oṣù mélòó kan. Ìyàwó kékeré kan wà níbẹ̀ tó lóyún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé àṣà ìfoyúnpamọ́ nìyí. Inú mi dùn sí ara mi, mo rò pé mo ti rí nǹkan gidi kọ. Àṣìṣe ni. Lóòótọ́ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Ìyálé rẹ̀ ti rí i pé kò fẹ́ gbọ́ òórùn epo gbígbóná mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń pọn omi ti rí i pé ó máa ń fara ti ògiri díẹ̀ kó tó gbé korobá. Láràárọ̀ tó bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà ilé náà, ìyá á fọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, á wò ó lójú, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á yọjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká sẹ́yìn, á wá ní, "Ó dáa, dìde." Lọ́jọ́ kan, ìyá fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé inú ibẹ̀ funfun, kò pupa bó ṣe yẹ kó pupa. Kò pariwo, kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan pé kó gbé ìyàwó yìí lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ṣé ẹ wá rí i? Ìkúnlẹ̀ tí mo pè ní ìkíni lásán, àyẹ̀wò ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún un, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Aboyún agboolé lè dákẹ́ nítorí pé ojú pọ̀ tó ń ṣọ́ ọ.

Àwa tí a wá sí òkè òkun, a di ìdákẹ́ yẹn mọ́ ẹrù wa, a gbé e wọ bàálù. Ojú wọ̀nyẹn ni a ò rí gbé wá. Èèyàn ń gbé àjà kẹrin, ọkọ wà níbi iṣẹ́ òru, ìyá wà ní Ìbàdàn, ará ilé kejì ò sì mọ̀ ju pé ẹ jọ ń lo ẹnu ọ̀nà kan náà. Ta ni yóò gbé àgbọ̀n rẹ sókè láàárọ̀? Tori Bowie, eléré ìje Amẹ́ríkà tó gba góòlù ní Rio ní 2016, òun nìkan ni wọ́n bá nínú ilé rẹ̀ nígbà tó kú ní 2023. Ẹni ọdún 32 ni, oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé eclampsia, ìyẹn gìrì aboyún, wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Obìnrin tó sáré ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ayé lọ ni o. Mi ò dárúkọ rẹ̀ láti dẹ́rù bà yín. Mo dárúkọ rẹ̀ torí pé díẹ̀ ló kù kí tèmi náà rí bẹ́ẹ̀.

Oyún mi àkọ́kọ́ ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Oṣù November ni, òtútù mú gan-an. Orí ń fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo mu paracetamol, kò lọ. Nígbà mìíràn, mo máa ń rí nǹkan tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì níwájú mi bí ìràwọ̀. Àwọn ẹ̀gbà idẹ ọwọ́ mi, tí mi ò bọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí jẹ Ọ̀ṣun, bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi, wọn ò yí mọ́. Mo ní ooru ni. Nínú November kẹ̀! Mo ní mo ti sanra ni. Ẹ ò rí i, èmi tí mo ń gba gbogbo ayé nímọ̀ràn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n pe ẹnikẹ́ni. Kí ni wọn á ti gbọ́ ọ sí pé ìyá olórìṣà ń ké orí fífọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo pe Yèyé mi ní Òṣogbo lórí WhatsApp. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi dá obì, kí n lè sùn.

Wọ́n ní, "Gbé fóònù yẹn sún mọ́ ojú."

Mo gbé e sún mọ́ ojú.

"Ojú ta lo gbé wá bá mi yìí? Ojú ẹ kọ́ nìyí."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi dá obì."

"Obì kẹ̀? Ohun tí ojú ń rí, ṣé a tún ń bi obì léèrè ẹ̀ ni? Dìde, máa lọ sí ọsibítù. Tó o bá débẹ̀, pè mí, màá dá obì nígbà yẹn."

Mo kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn tí mo ti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní ó rẹ̀ mí ni, kí n lo paracetamol, kí n sùn, kí n tún pè bó bá di ọ̀la. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ fún yín: ká ní ohùn Yèyé ò tíì sí létí mi, ǹ bá ti sùn. Mo wọ táásì. Nígbà tí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 172 lórí 112 ni. Protein kún inú ìtọ̀ mi. Dókítà tó dé bá mi ní ká ní mo sùn di àárọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí gìrì ti bá mi lórí ibùsùn. Wọ́n fa oògùn sí mi lára láti dènà gìrì náà, wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, lọ́jọ́ kejì wọ́n gbẹ̀bí mi. Kílò méjì péré ni ọmọbìnrin mi. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí n ráàyè kọ ìwé yìí.

Ohun tó ṣe mí ni wọ́n ń pè ní pre-eclampsia. Ibi ọmọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru á dé 140 lórí 90, á sì kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá tètè rí i, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó lè gun orí ọpọlọ. Ìgbẹ̀bí ni òpin rẹ̀, síbẹ̀ ó tún lè yọjú lẹ́yìn ìbímọ, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí ìyá ìkókó má sọ pé òun ti bọ́. Nígbà oyún mi kejì, dókítà ní kí n máa lo aspirin kékeré láti ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ má fúnra yín rà á lo o, dókítà ló ń mọ ẹni tó tọ́ sí. Àwọn àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀ rèé: orí fífọ́ tí paracetamol ò ká, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí ìràwọ̀, ìrora lábẹ́ egungun ìhà lápá ọ̀tún, ojú àti ọwọ́ tó ṣàdédé wú. Ẹlòmíràn ò sì ní mọ nǹkan kan lára, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan ni yóò tú u fó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ torí pé ara òun le.

Kì í wá ṣe gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ni ọ̀ràn. Ẹ̀jẹ̀ ara aboyún máa ń pọ̀ sí i tó fẹ́ẹ̀ tó ìdajì èyí tó ní tẹ́lẹ̀, odò ti kún nìyẹn, bèbè á gba omi díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wú lálẹ́, tó sì fà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lé orí tìmùtìmù, ẹ má dúró pẹ́, ẹ bọ́ bàtà tó fún yín. Wíwú tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí ojúgun ẹ̀yìn rẹ̀ ń dunni, tó gbóná, ìyẹn yàtọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ.

Èébì ńkọ́? Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa ń bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ obìnrin á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Ẹni tó pè é ní èébì òwúrọ̀, bóyá ọkùnrin ni, torí tọ̀sán-tòru ni tèmi. Ẹ fi bisikí tàbí búrẹ́dì gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó dìde. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí inú má ṣófo pátápátá, kó má sì kún àkúnjù. Oúnjẹ tútù kì í rùn tó gbígbóná. Ẹ̀kọ tútù tí a ń gbé fún Ọ̀ṣun, òun ló gbà mí lóṣù kejì àti ìkẹta. Atalẹ̀ nínú omi gbígbóná máa ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àmọ́ bí ohunkóhun ò bá dúró nínú yín fún odidi ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tí ẹ ò tọ̀ mọ́, bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, tí aṣọ ń tú lára yín, kì í ṣe èébì lásán mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni hyperemesis gravidarum. Òun ló gbé ìyàwó Prince William dé ọsibítù ní December 2012, mi ò sì gbọ́ pé ẹnìkan ní ààfin sọ pé ìyálé ló ń ṣe é. Oògùn wà fún un tí kò ní pa ọmọ inú lára, wọ́n sì lè fa omi síni lára. Ẹni tó bi mí bóyá ayé ti gbọ́, omi ni wọ́n fà sí i lára fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà la wá jókòó sọ̀rọ̀ ayé.

Àyà tó ń ta yín lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀yìn ríro, ìgbẹ́ líle, gbogbo wọn ò bá yín ṣeré, ṣùgbọ́n wọn kì í pa èèyàn. Ẹ jẹun alẹ́ kó tó pẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí sókè, ẹ mu omi dáadáa, ẹ máa rìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi lélẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá ara yín ní ẹ̀yìn, ẹ má bẹ̀rù, ẹ kàn yí padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ má jáyà. Ẹ fi omi ọsàn gbé e mì, ẹ má fi tíì gbé e, tíì kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa á ní ká máa jẹ ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀. Níbí wọ́n ní ká yẹra fún un nígbà oyún nítorí Vitamin A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ò ní wàhálà, ẹ jẹ ìyẹn.

Ara yíyún níbi tí ikùn ti ń fẹ̀, kò burú, ẹ fi òrí pa á. Èyí tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò sí èélá kankan níbẹ̀, tó sì ń le sí i lóru, ẹ̀dọ̀ lẹ ó ní kí wọ́n bá yín yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọn á fi mọ̀ ọ́n. Ó lè ṣe ọmọ inú léṣe bí a bá fojú fò ó.

Ọmọ tó ń yírà, òun gan-an ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24 ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tirẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó mọ ti yín. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ á dákẹ́ bó bá kù díẹ̀ kó wáyé. Irọ́ ni. Bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó máa yí títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bó bá dín kù, tàbí tó yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe, ẹ pe wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ aago méjì òru. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ fi gbọ́ ọkàn ọmọ nílé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ ọkàn ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dà, omi tó bá ń jò, ibà, mímí tó há tàbí àyà tó ń dùn yín, mi ò ní fi àlàyé gùn yín. Ẹ pe 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà àti Canada, 192 ní Brazil.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tó jẹ́ ti inú ilé wa, tí dókítà ò lè bá yín sọ. Àkọ́kọ́ ni ẹfun. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu aboyún jẹ, ó sì wà ní ọjà Peckham, òun kan náà ni àwọn ará Ìgbò ń pè ní nzu. Ìjọba Britain ti kìlọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹfun tí a fi ń bọ Ọbàtálá, ti Ọbàtálá ni. Òun ló ń mọ ọmọ nínú ìyá rẹ̀, ẹ má fi ohun èlò rẹ̀ da iṣẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ń wù yín gan-an láti jẹ ẹfun tàbí amọ̀, ẹ sọ fún agbẹ̀bí, torí ìfẹ́ yẹn sábà máa ń bá àìtó ẹ̀jẹ̀ rìn.

Ìkejì ni àgbo. Mi ò kórìíra àgbo, ọmọ àgbo ni mí. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń se àgbo aboyún ní Òṣogbo, ó mọ igi tó já, ó mọ ọjọ́ tó já a, ó mọ ẹni tó fẹ́ mu ún, á sì tún rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ike kan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ láti ọjà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àgbo tí mo mọ̀. Ẹ má mu ún. Ìwẹ̀ Ọ̀ṣun wà, omi tútù wà, ẹ wẹ̀, ẹ gbàdúrà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ yìí ló ń ṣe yín, ọsibítù ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ, ìwẹ̀ á dúró dè yín.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ nínú ara rẹ̀: "Yèyé, mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́." Mo gbà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nínú gbogbo ìròyìn MBRRACE-UK tí mo ti kà lórí ikú àwọn ìyá ní Britain, ikú àwọn obìnrin dúdú nínú oyún àti ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti àwọn obìnrin funfun lọ. Ní Amẹ́ríkà náà, kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àìgbọ́ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ẹ mọ ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùúrá gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo ṣe ń sọ ọ́. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló ti ọ̀run wá, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọn ò pè é. Wọ́n ń dá ìlú sílẹ̀, wọn ò bi í. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló dàrú. Òjò ò rọ̀, aláìsàn ò dìde, aboyún ò bí. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, Olódùmarè bi wọ́n léèrè obìnrin tó wà láàárín wọn. Ẹnu wọn wọhò. Wọ́n ní láti padà wá bẹ̀ ẹ́. A máa ń fi ìtàn yìí wàásù agbára obìnrin, ó sì dára. Àmọ́ ẹ tún un wò: oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Oyún náà ló di Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Aboyún ni ẹni tí wọn ò bi léèrè, tí ayé fi dúró.

Nítorí náà, bí wọn ò bá bi yín, ẹ sọ. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ tún un sọ. Serena Williams bí ọmọ ní 2017. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí òun lára, pé kí wọ́n yẹ òun wò. Wọ́n rò pé oògùn ló ń dà á láàmú. Kò dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí wọn ò bá ti ka Serena sí, èmi àti ìwọ ńkọ́? Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sọ pé "ara mi kàn ṣe mí ṣá." Ẹ sọ nọ́mbà. "Oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 34. Orí ti ń fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Paracetamol ò ká a. Ojú mi ń rí ìràwọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lónìí." Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sùn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ pè, kí wọ́n sì sọ orúkọ wọn fún yín. Ẹ máa rí bí ohùn wọn á ṣe yí padà. Bí gẹ̀ẹ́sì ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ. Iṣẹ́ yín níbẹ̀ ni kí ẹ rántí ohun tí ìyàwó ní òun fẹ́ sọ, nígbà tí ìrora ò bá jẹ́ kó rántí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú oyún, ara méjì ni.

Ní ilé wa ní London níbí, a ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Aboyún kọ̀ọ̀kan á mú ẹni méjì péré, ẹni tó fọkàn tán. Kò pọn dandan kí gbogbo ìlú mọ̀, àṣírí rẹ̀ ò tú. Lálaalẹ́, ọ̀kan nínú wọn á pè é lórí fídíò, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni, "Gbé fóònù sún mọ́ ojú." Á wo ojú, á wo ọwọ́, á bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, á bi í ìgbà tí ọmọ yí gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú méjì ò tó. Àwọn ará Houston ti ní àwọn fẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ilé òrìṣà nítòsí, ẹ kọ̀wé sí mi, màá wá ẹni méjì fún yín.

Àwọn aboyún mẹ́rin tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ti lọ rí agbẹ̀bí. Ẹsẹ̀ wíwú ti ẹni àkọ́kọ́, ti ìrọ̀lẹ́ lásán ni, ó ti wẹ ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ ń yún, ẹ̀dọ̀ ni lóòótọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bu omi sí ojúbọ lọ́la, ẹ rántí rẹ̀. Kí Yèyé sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kí á gbọ́ ohùn ìyá, kí á gbọ́ ohùn ọmọ.

Oore Yèyé o!